Cessna 172 kan wà ní Ìlọrin, ará òkè òkun ló fẹ́ rà á: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òròkí, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ bààlúù kékeré kan ni mo gbé wá síwájú yín. Cessna 172N ni, ọdún 1979 ni wọ́n ṣe é, nọ́ńbà 5N ti Nàìjíríà ló wà lára rẹ̀, inú hángà kan ní Ìlọrin ló sì wà. Bàbá tó ni ín ti di olóògbé. Òṣogbo níbí ni àwọn ọmọ wọn wà, wọ́n fẹ́ tà á kí wọ́n lè pín ogún, èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́pinpin ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ rèé: ara bààlúù náà ti fò ju wákàtí 6,300 lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, O-320-H2AD, ti ṣe wákàtí 1,140 látìgbà tí wọ́n ti tú u palẹ̀ tún un tò ní 2011. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tó ti fò kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ hángà máa ń tan ẹ́ńjìnnì náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà kú.

Àwọn tó béèrè rẹ̀ nílé níbí, owó tí wọ́n ń dá kò jọ owó bààlúù rárá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ̀wé láti Gúúsù Áfíríkà, ẹnì kan láti ìlú Ọba, ẹnì kẹta ní Texas lòun wà. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí wọ́n fò ó lọ ni àbí ká tú u sínú kọ̀ǹténà? Báwo lowó á ṣe dé ọwọ́ ẹbí láìsí wàhálà? Alágàta kan sì ń yọ wá lẹ́nu pé ká tètè lọ yọ orúkọ bààlúù náà kúrò nínú ìwé NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kí ọjà lè yá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Sípánà

Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, ẹ pe ọmọkùnrin yẹn pé kó má tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni, bíbàjẹ́ ló ń bà á jẹ́. Bí epo bá ń jó nínú sìlíńdà, omi máa ń ti ibẹ̀ jáde, omi yẹn á sì sá wọnú ọ́ìlì. Tí bààlúù bá fò, ọ́ìlì á gbóná dé ìwọ̀n 165 sí 200 Fahrenheit, ìyẹn bíi 74 sí 93 Celsius. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, omi náà á gbẹ, á bá afẹ́fẹ́ jáde. Orí ilẹ̀ ni tiyín ti ń jó, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ́ìlì ò ní gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, omi tuntun lẹ sì ń bù sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Lycoming, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín, tún wá burú, torí òkè crankshaft, ọ̀pá ńlá tó ń yí pùròpẹ́là, ni camshaft rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáfù, wà. Kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró, ọ́ìlì á ṣàn kúrò lára rẹ̀, irin á wà níhòòhò, ìpatà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé Lycoming fúnra wọn, Service Letter L180, sọ pé níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lọ́rinrin, ọjọ́ méjì péré ti tó kí ìpatà yọ lára ògiri sìlíńdà tuntun. Ìgbà òjò Ìlọrin ńkọ́?

Bí kò bá ní fò títí ọjà á fi parí, ẹ jẹ́ kí ẹńjiníà tó ní ìwé àṣẹ pa á mọ́ bí L180 ṣe là á sílẹ̀. Kó da ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ nù, kó rọ ọ́ìlì ìpamọ́ sí i, kó fọ́n ọ́ìlì náà sínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ihò púlọ́ọ̀gì òkè, kó fi púlọ́ọ̀gì tó ń fa ọ̀rinrin dí àwọn ihò yẹn, kó dí ẹnu sàlẹ́ńsà àti ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kó wá so àkọlé mọ́ pùròpẹ́là pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ yí i, nítorí bí wọ́n bá yí i, piston á nu ọ́ìlì tẹ́ ẹ fọ́n síbẹ̀ kúrò. Kó kọ ọ́ sínú logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ àti wákàtí bààlúù sí, lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ti H2AD. Ẹ́ńjìnnì yìí lórúkọ láàárín àwọn tó ń ra Cessna, orúkọ náà ò sì dáa. Camshaft àti tappet rẹ̀, irin kékeré tí camshaft ń tì kí fáfù lè ṣí, máa ń jẹra wọn, pàápàá níbi tí bààlúù kì í ti í fò déédéé. Ìdí nìyẹn tí FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, fi pa á láṣẹ nínú AD 80-04-03 (AD ni àṣẹ dandan lórí ààbò bààlúù) pé kí wọ́n máa fi èròjà LW-16702 sí ọ́ìlì rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ọ́ìlì tí èròjà náà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò, bí AeroShell 15W-50. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ṣí logbook, á wá a lójú ewé gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Níbi tí kò bá ti rí i, owó á máa já bọ́. Ohun tó dáa lára H2AD ni pé èèyàn lè fa tappet rẹ̀ yọ láìla ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n ya ojú camshaft ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá dán, ẹ ti pa àríyànjiyàn olówó iyebíye lẹ́nu mọ́. Bó bá ti ní ihò tín-tìn-tín, ó sàn kẹ́yin tètè mọ̀ ju kẹ́ni tó ń rà á bá a níbẹ̀.

Ọdún ẹ́ńjìnnì náà tún ńkọ́? Wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni Lycoming dá fún un. 2011 lẹ tú u, 2023 ló ti pé. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, òfin ò fipá mú ẹni tó ń fi bààlúù rẹ̀ ṣe ti ara rẹ̀ pé kó tú ẹ́ńjìnnì torí ọdún nìkan. Ṣùgbọ́n ní ti iye owó, gbogbo ẹni tó bá ń rà á á kà á sí ẹ́ńjìnnì tó ti parí iṣẹ́. Wákàtí 860 tẹ́ ẹ rò pé ó kù, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni. Kò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan á sọ pé kẹ́ ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe kẹ́ ẹ tó tà á. Ẹ má ṣe é. Ẹ ò ní rí iye yẹn gbà padà, ẹni tó ń rà á á sì fẹ́ mú ilé iṣẹ́ tí òun gbẹ́kẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Owó tó yẹ kẹ́ ẹ ná ni ti àyẹ̀wò tó ṣeé fi hàn:

– compression sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (bí sìlíńdà ṣe ń di afẹ́fẹ́ mú) pẹ̀lú afẹ́fẹ́ 80 psi. Tí èyí tó jáde bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 60, sìlíńdà yẹn ti ń wá yíyọ;
– borescope, kámẹ́rà tín-ín-rín tó ń wo inú sìlíńdà, kẹ́ ẹ fi àwòrán fáfù pamọ́;
– fílítà ọ́ìlì tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n wo bóyá irin wà nínú rẹ̀;
– ọ̀pá tí àga ń rìn lórí rẹ̀, AD 2011-10-09, torí bí àga atukọ̀ bá yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí bààlúù ń gbéra, ìjàǹbá ni;
– ìpatà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, nínú ìrù, àti níbi tí apá ti so mọ́ òrùlé. Lára aluminiọmu, ìpatà kì í pọ́n, lẹ́búlẹ́bú funfun ló máa ń jọ.

Magneto, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tún wà níbẹ̀. Lára H2AD, magneto méjèèjì wà nínú ilé kan ṣoṣo, ọ̀pá kan ló ń yí wọn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i láàárín wákàtí 500 sẹ́yìn.

Lọ́yà Abẹ́ẹ̀rẹ̀

Ẹ kú àjálù o, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ fún alágàta yẹn lésì kan péré: rárá. Bí ẹ bá yọ orúkọ bààlúù kúrò nínú ìwé NCAA lónìí, ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún fífò kú lọ́jọ́ yẹn náà. Kò ní nọ́ńbà mọ́, kò lè fò, ìwé ẹ̀rí àtikó o jáde lọ tà, tí wọ́n ń pè ní Export C of A, á sì dìṣòro. Èyí tó burú jù ni pé ìyọkúrò orúkọ ni ẹni tó ń rà á nílò jù lọ lọ́wọ́ yín. FAA Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ, kò ní kọ bààlúù sínú ìwé tiwọn títí NCAA á fi jẹ́rìí pé kò sí nínú ti Nàìjíríà mọ́. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn, tí owó ti wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè fà á padà, lalágàta ní kẹ́ ẹ fi ṣáájú.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á? Ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ NCAA, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ bàbá, kò sí ọmọ tó lè fọwọ́ sí ìwé títà, àkọ́bí ni o, àbíkẹ́yìn ni o. Ẹ máa gba Letters of Administration, ìwé àṣẹ kóòtù láti bójú tó ogún, ní ẹ̀ka Probate ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo. Bí bàbá bá kọ ìwé ìhágún, Probate lẹ máa gbà. Kí wọ́n kọ bààlúù náà sínú àkójọ dúkìá, pẹ̀lú nọ́ńbà 5N rẹ̀ àti serial number rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Kwara ni dúkìá náà wà, ẹ gbé ìwé yẹn lọ kí ilé ẹjọ́ tọ̀hún fi èdìdì tiwọn sí i. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kóòtù nìkan ló máa fọwọ́ sí ìwé títà, bí orúkọ wọn ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tì gẹ́lẹ́. Nínú irú ìwé báyìí, "Adé" àti "Ade-" kì í ṣe ẹnì kan náà.

Tó bá wá jẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: ṣíà kọ́ńpìnnì ni ẹbí jogún, bààlúù kọ́. Àwọn olùdarí kọ́ńpìnnì ló máa pinnu láti tà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìpinnu náà sílẹ̀.

Kí lọ́yà yín tún wádìí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni gbèsè: owó hángà, owó ìgúnlẹ̀, owó FAAN (àwọn tó ń bójú tó pápákọ̀) àti ti NAMA (àwọn tó ń darí bààlúù lófurufú). Ẹ gba lẹ́tà pé kò sí gbèsè, torí níbi tí gbèsè bá wà, wọn ò ní jẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Èkejì ni bó ṣe wọ Nàìjíríà: ṣé wọ́n san owó ibodè, àbí ìwé ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fi kó o wọlé? Tó bá jẹ́ ìwé ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìkẹta ni bóyá báńkì kankan fi í ṣe ìdúró.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á bá yín kọ ọ́ sí International Registry ti àdéhùn Cape Town, kẹ́ ẹ mú owó wá. Bààlúù tó ń gbé èèyàn 8 sókè, tàbí ẹrù tó ju kílò 2,750 lọ, ni àdéhùn yẹn kàn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó agbára ẹṣin 550. Èèyàn 4 ni 172 ń gbé, agbára ẹṣin 160 sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò kàn yín.

Ní ti owó, ẹ lo escrow, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó wà láàárín tó ń di owó mú fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀ẹ́ kọ ìwé àdéhùn, ẹni tó ń rà á á fi àsansílẹ̀ síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló wọ́pọ̀. Á rán ẹńjiníà tirẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lówó ara rẹ̀. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fọwọ́ sí i, àsansílẹ̀ á di èyí tí kò ṣeé gbà padà, á sì fi ìyókù kún un. Ìgbà yẹn lẹ máa fi ìwé títà tẹ́ ẹ ti buwọ́ lù ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, láìkọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí NCAA pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ̀rí bá dé láti NCAA, wọn á kọ ọjọ́ sí ìwé títà, wọn á sì tú owó sílẹ̀. Kí àdéhùn sọ ibi tí bààlúù wà lọ́jọ́ tó di tẹni tó rà á, nítorí ibẹ̀ ni owó orí máa tẹ̀ lé. Ká má tan ara wa: ẹni tó bá rí "Nàìjíríà" lórí ìpolówó, ara rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó yan ilé iṣẹ́ escrow ní ìlú tirẹ̀, lẹ́yìn náà kí lọ́yà yín fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà, kó pè wọ́n. Ẹ má tẹ líǹkì tí ẹni tó ń rà á bá fi ránṣẹ́. Àwọn ayédèrú tó ń fi ojú ìwé escrow lu jìbìtì kò níye.

Akin Fò-ó-Lọ

Kí lẹ ń tú bààlúù sí wẹ́wẹ́ fún? Ẹ gba atukọ̀ kan, kó fò ó lọ bá ẹni Gúúsù Áfíríkà yẹn. Ó yá ju ọkọ̀ ojú omi lọ.

Bàbá Sípánà

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Epo tó ṣeé lò nínú 172N tí táǹkì rẹ̀ kò tóbi jẹ́ gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 40, bíi lítà 151. Ó ń mu bíi 8 ní wákàtí kan. Ẹ yọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú táǹkì, ó ku bíi wákàtí mẹ́rin, kò sì ní lọ jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 780 lọ. Láti Ìlọrin dé Johannesburg ju 4,500 lọ bí ẹyẹ ṣe ń fò. Níbi gbogbo tó bá ti bà, Avgas 100LL ló máa wá, èyí tó láwọ̀ búlúù. Jet A-1 ló kún àwọn pápákọ̀ Áfíríkà, ẹ́ńjìnnì yìí ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. DA40 oní-dísẹ́ẹ̀lì, bààlúù kékeré mìíràn, lè mu ún, 172 yín ò lè mu ún. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ máa kọ́kọ́ fi Avgas sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síwájú, ẹ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó bá wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí ẹ́ńjìnnì tó ti ju oṣù mẹ́rìnlá lọ tí kò fò. Àwọn tó ń fò irú ọkọ̀ báyìí lọ sọ́nà jíjìn wà, iṣẹ́ wọn ni. Kì í ṣe ti bààlúù yìí.

Ọmọ Òròkí, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Mo ti pe Ìlọrin, wọn ò ní tan án mọ́. Orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé NCAA, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Wàhálà kan tún yọjú: logbook àkọ́kọ́ ti ara bààlúù, láti 1979 dé 1991, a ò rí i. Amẹ́ríkà ló wà nígbà yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà N. Ṣé ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn? Nínú àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé yìí, ta ló yẹ ká dá lóhùn?

Ẹ̀gbọ́n Lanseria

Kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n á já owó rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé ó ti wà lórí ìwé Amẹ́ríkà rí, ẹ láǹfààní kan: àkọsílẹ̀ bààlúù oní-nọ́ńbà N kì í parẹ́ ní ọ́fíìsì FAA tó wà ní Oklahoma City. Ẹ kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà N àtijọ́ àti serial number, ẹ san owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san, wọn á fi gbogbo fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́: àwọn tó ti ni ín rí, gbèsè tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, àti Form 337 fún gbogbo àtúnṣe ńlá. Apá kan tó fara pa tí wọ́n pààrọ̀, rédíò tuntun, táǹkì tí wọ́n fi kún un, gbogbo rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Kì í ṣe logbook, ṣùgbọ́n ó ń dí ihò náà dé ibi kan. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àtúnṣe tó tọ́jú rẹ̀ láti 1991, torí wọ́n lè ṣì ní ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹńjiníà to gbogbo AD tó kan ara bààlúù, ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là sójú ìwé kan: nọ́ńbà AD, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, wákàtí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, àti ìgbà tó tún yẹ. Ẹ kọ ọ́ gbangba nínú ìpolówó pé logbook àkọ́kọ́ kò sí. Bí ẹni tó ń rà á bá fúnra rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín "kọ" logbook tuntun, ẹ lé e.

Ní ti àwọn mẹ́ta yẹn, Texas ni mo máa gbé sẹ́yìn jù. Cessna ti ṣe 172 tó lé ní 44,000, Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ẹni tí 172 wà ní pápákọ̀ gbogbo ní àdúgbò rẹ̀, kí ló ń wá dé Ìlọrin? Àfi tó bá jẹ́ pé owó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ gan-an, tàbí pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni gidi, ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní gíríìnì káàdì ló lè kọ ọ́ sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí, ọ̀nà ìfọkàntán tí wọ́n ń pè ní trust ló máa gbà. Ó tún máa ro ti ADS-B Out, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bààlúù wà, tó ti di dandan láti January 2020 ní òfurufú tó yí àwọn pápákọ̀ ńlá ká, bẹ́ẹ̀ tiyín ò ní i.

Ẹni ìlú Ọba: VAT 20% ló máa san kí bààlúù tó wọlé. Rédíò 8.33 kHz, tí àlàfo láàárín ìkànnì rẹ̀ kéré, ni wọ́n ń lò níbẹ̀ àti káàkiri Yúróòpù, tí rédíò inú 172 yín bá ṣì jẹ́ oní-25 kHz àtijọ́, owó rédíò tuntun àti ti ẹni tó máa fi sí i á jáde nínú iye tó fẹ́ san fún yín. Kó tó dá owó, ẹ ya ojú rédíò náà ní fọ́tò níbi tí nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ti hàn.

Ẹni Gúúsù Áfíríkà ló jọ ẹni tó lè rà á ní tòótọ́. VAT 15%. Ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ pọ̀ níbẹ̀, Avgas wà, wọ́n mọ 172 bí ẹní mowó. Torí náà, wọ́n mọ àléébù H2AD pẹ̀lú, ẹ má rò pé ẹ lè fi pamọ́ fún wọn.

Iye owó: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín wo Aircraft Bluebook tàbí Vref, tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye owó bààlúù, fún 172N 1979, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ń tà ní ọjà tí ẹni náà wà. Ẹ yọ owó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, ti rédíò, ti ọkọ̀ ojú omi, VAT, àti ti títò padà. Èyí tó bá kù, òun ni iye tí ọlọ́gbọ́n máa dá. Bí ẹnikẹ́ni bá dá jù bẹ́ẹ̀ lọ láì tíì rí bààlúù, ẹ fura.

Ọmọ Ọ̀nà Àpápá

Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 oní-high cube lẹ nílò. Inú rẹ̀ gùn ní mítà 12.03, ó fẹ̀ ní 2.35, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ga ní 2.58. Ẹ wá wo 172: ó gùn ní 8.20, ìyẹn wọlé. Ìrù tó dùbúlẹ̀ fẹ̀ ní bíi 3.45, kò wọlé, yíyọ ni. Láti táyà ẹ̀yìn kan sí èkejì lé ní mítà 2.5, kò wọlé, ẹsẹ̀ náà á jáde, ara rẹ̀ á sì jókòó sórí pákó tí wọ́n kàn fún un. Ó ga ní 2.68 lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ti jáde, ó máa ń wọlé. Ẹ ṣáà wọn òkè ìrù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó háyà kọ̀ǹténà. Apá kọ̀ọ̀kan á dúró lórí etí iwájú rẹ̀ nínú férémù onífóòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Pákó tí wọ́n máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná gbẹ tó ní òǹtẹ̀ ISPM 15, ìlànà àgbáyé fún pákó ìdìrù. Pákó ọjà lásán, wọ́n lè dá gbogbo kọ̀ǹténà padà tó bá dé ọ̀hún. Epo gbọ́dọ̀ jáde tán nínú táǹkì, bátìrì á jáde, àti bátìrì ELT náà, ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ bí bààlúù bá já. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi bá gbọ́ òórùn epo, wọn ò ní gbé e.

Ní ti ìwé: ẹ ṣí Form NXP, fọ́ọ̀mù ọjà tó ń jáde lọ sókè òkun, ní báńkì yín kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò ní Ìlọrin. Owó NESS, owó àbójútó ọjà tó ń jáde, wà níbẹ̀, 0.5% iye ọjà. Owó títà gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì dọ́là ní báńkì náà láàárín ọjọ́ 180. Kí ìwé títà, NXP, bill of lading (ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi) àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbé serial number kan náà, nọ́ńbà fún nọ́ńbà. Ní Àpápá, lẹ́tà kan tó yàtọ̀ ti tó kí kọ̀ǹténà máa jẹ owó ìdúró lójoojúmọ́.

Bàbá Sípánà

Mo fẹ́ fi kún ti Àpápá. Ẹni tó máa tú apá gbọ́dọ̀ ti tú 172 rí. Apá kan ń fẹ́ ẹni mẹ́rin: méjì níta, ẹnì kan nídìí, ẹnì kan níbi bóòtù. Kí wọ́n kọ́kọ́ tú okùn aileron àti ti flap (àwọn ìgbá tó ń mì létí apá) níbi turnbuckle tó ń fa okùn le, páìpù epo, wáyà iná, àti páìpù pitot tó ń wọn eré, tó wà ní apá òsì. Lẹ́yìn náà, bóòtù ọ̀pá tó gbé apá ró, ká tó dé bóòtù iwájú àti ti ẹ̀yìn lórí òrùlé. Níbi bóòtù ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe: bushing tó wà níbẹ̀, òrùka irin tí bóòtù ń gbà kọjá, ihò rẹ̀ ò sí láàárín gan-an, yíyí rẹ̀ díẹ̀ ló ń tún ipò apá ṣe kí bààlúù má baà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú òfurufú. Bí wọ́n bá fà á yọ láìfàlà sí ibi tó kọjú sí, ẹni tó máa tò ó lọ́hùn-ún á máa fò, á máa bà, á tún un yí, títí yóò fi bọ́ sí i. Ẹ fi máákà fa ìlà lára bushing àti ara irin tó wọ̀, ẹ ya á ní fọ́tò. Bóòtù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i.

Bákan náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú transponder oní-Mode S, ẹ̀rọ tó ń dá rédà lóhùn, àti èyí tó wà nínú ELT 406 MHz, ti Nàìjíríà ni. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó rà á ló máa yí wọn padà. Bí ELT yẹn bá dún ní Durban pẹ̀lú nọ́ńbà Nàìjíríà, ìdílé olóògbé ni wọ́n máa pè.

Ọmọ Òròkí, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú làálàá. Ẹni Texas tún kọ̀wé lónìí: ó ní òun ò nílò àyẹ̀wò, òun á fi ṣẹ́ẹ̀kì báńkì ránṣẹ́ tó ju iye tá a dá lọ, ká fi èlé rẹ̀ san owó ẹni tó máa bá òun kó o.

Lọ́yà Abẹ́ẹ̀rẹ̀

Ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì yẹn á wọ àkáǹtì yín, á jọ pé ó ti wọlé, ẹ̀ẹ́ fi "èlé" ránṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan báńkì á dá a padà pé ayédèrú ni, gbèsè á sì wà lọ́rùn yín. Ẹ kọ̀wé sí ẹni Gúúsù Áfíríkà: ẹ fi àwòrán camshaft, compression, àkójọ AD àti lẹ́tà pé kò sí gbèsè ránṣẹ́ nínú PDF kan, kẹ́ ẹ ní kó sọ ọjọ́ tí ẹńjiníà rẹ̀ máa wá. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí bààlúù máa wà lórúkọ rẹ̀ níkẹyìn àti orílẹ̀-èdè tó máa ti fò ó, torí ọjà Amẹ́ríkà ni Cessna, bó bá sì ti ibẹ̀ dé Rọ́ṣíà tàbí Iran láìgba àṣẹ Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà á wà nínú ìwé. Ní ti kóòtù, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ NCAA wá sí ẹ̀ka Probate. Láìsí ìwé kóòtù, kò sí èyí tẹ́ ẹ lè buwọ́ lù nínú gbogbo ìyókù.